Ẹ̀kọ Tí Ọláògún Kà Sí Ẹ̀kọ́

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí ló jókòó tì mí nígbà tí mo ń kọ ọ́. Mo ní kí n fún un ní orúkọ mìíràn, bí a ti máa ń ṣe fún ẹni tí ojú ń tì. Ó ní rárá, kí n kọ Ọláògún, kí n sì fi gbogbo àmì orí rẹ̀ sí i. Ẹ máa tó rí ìdí tí àmì orí fi ká a lára tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1983, Ọláògún ti lo ọdún mẹ́tàlá gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Ìpìlẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kan ló ń tẹ̀ ẹ́ jáde lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ní Abẹ́òkúta, lórí ìtàn, èdè àti àṣà ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Ìgbẹ̀ìn ni ọ́fíìsì wọn. Tábìlì méjì ló wà níbẹ̀, àti kọ́bọ́ọ̀dù kan, àti táípúráítà kan tí kò mọ àmì ohùn, tí kò sì mọ àmì abẹ́ lẹ́tà. Ohunkóhun tí wọ́n bá tẹ̀ lórí rẹ̀, olóòtú ló gbọ́dọ̀ mú bíírò, kí ó fi àmì sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó tó di pé ìwé lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé.

Bàbá Herbert ni olóòtú, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Ojú bàbá ti ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ ọ́.

Ìyá Ìjọ kan ló tú àṣírí náà. Ìyá yìí kú, ó sì ti sọ tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n gbé ọkọ̀ Pijó òun fún ṣọ́ọ̀ṣì. Ìpìlẹ̀ kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni pé ó fi ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìjọ. Bàbá Herbert gbàgbé àmì kan ṣoṣo lórí ọ tó gbẹ̀yìn. Ohun tí gbogbo Abẹ́òkúta wá kà ni pé ìyá fi ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìjọ.

Ọkọ náà sì wà láàyè. Ó gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wá sí ọ́fíìsì pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó kí wọn dáadáa, ó jókòó. Ó ní òun kàn wá béèrè ọjọ́ tí ìjọ máa wá kó òun ni, kí òun lè di ẹrù òun.

Bàbá Herbert rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó nu omi náà tán, ó ní kí Ọláògún tẹ lẹ́tà kan fún òun. Lẹ́tà pé òun fi iṣẹ́ olóòtú sílẹ̀ ni.

Àwọn mẹ́ta ló wà nínú ìgbìmọ̀ tó máa yan olóòtú tuntun: Bàbá Herbert fúnra rẹ̀, Ọ̀mọ̀wé Títílọlá, tó ń kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní èdè Yorùbá, àti Àlàájì Mọ́ṣúdù, oníṣòwò aṣọ láti agboolé àtijọ́ kan, tó jẹ́ baba ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́. Wọ́n ní lọ́tẹ̀ yìí, kò sí mo-mọ̀-ọ́n-mọ̀-mí. Àwọn máa polówó iṣẹ́ náà, àwọn á sì dán gbogbo ẹni tó bá kọ̀wé wò.

Bàbá Herbert ló kọ ìdánwò náà, ojú ìwé kan péré, lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe àdìrẹ. Ọláògún tẹ̀ ẹ́ lórí táípúráítà, gbọrangandan, láìsí àmì kankan. Iṣẹ́ ẹni tó bá fẹ́ di olóòtú ni kó fi gbogbo àmì rẹ̀ sí i nílé, kó sì dá a padà. Wọ́n á kọ nọ́ńbà sórí ìwé kọ̀ọ̀kan dípò orúkọ, kí ìgbìmọ̀ má baà mọ ẹni tó ni ín.

Ta ló máa kọ nọ́ńbà? Ọláògún ni. Ṣé Ọláògún kò wá iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀? Ó wá a. Ṣé ẹnikẹ́ni rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò dọ́gba? Ẹnikẹ́ni ò rí i. Ọdún mẹ́tàlá ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n sí ọmọlúwàbí, wọn ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé Ọláògún kò mọ àmì ohùn í fi sí ọ̀rọ̀.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìwọ tó ń rẹ́rìn-ín yẹn, ìgbà wo lo fi àmì sórí lẹ́tà tó o kọ sí ìyá rẹ gbẹ̀yìn? Ọláògún gbọ́ Yorùbá dénú, ó lè kọ ọ́ kó dùn bí oyin, ṣùgbọ́n bí ó bá ti mú bíírò pé kí òun fi àmì sí i, ojú rẹ̀ á ṣú. Bàbá Herbert ló ti ń bá a fi í sí i láti ọdún yìí wá, ojú sì ń tì í láti béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ó gbìyànjú. Ó jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú ìdánwò náà, ó ń kọ dò, rè, mí sórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Mọ́níkẹ́ ìyàwó rẹ̀ yọjú láti yàrá, ó béèrè bóyá ó ti wọ ẹgbẹ́ akọrin ni. Nígbà tó fi máa dé ìlà karùn-ún, ó ti kọ "ìyá" bí ẹni tó fẹ́ kọ "ìyà".

Bẹ́ẹ̀ ó ti sọ fún Mọ́níkẹ́ pé òun ni wọ́n máa yàn. Mọ́níkẹ́ sọ fún ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ sọ fún gbogbo ilé. Àwọn àna ti ń pè é ní Olóòtú, wọ́n ń kí i lọ́nà tí wọn kì í gbà kí i tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rù wá ń bà á. Iṣẹ́ náà ló fẹ́, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú tí àwọn ará ilé ìyàwó máa fi wò ó bó bá pàdánù rẹ̀ ni kò jẹ́ kó sùn.

Ìwé méjì ti dé. Ọ̀kan wá láti ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan ní Ìbàdàn, ó di nọ́ńbà kìíní. Ìkejì jẹ́ ti Bándélé, olùkọ́ kan tó ń gbé Òṣíẹ̀lẹ̀, ó di nọ́ńbà kejì. Ọláògún yẹ méjèèjì wò, kò sì lè sọ èyí tó dáa nínú wọn.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, Asiata gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wá.

Asiata jẹ́ ọmọ Àlàájà Bùsírátù, aládìrẹ tí àgbàlá rẹ̀ kò jìnnà sí ọ́fíìsì náà. Ó ń ṣiṣẹ́ tíṣà ní Ìtòrí, bí iléèwé bá sì ti parí lójoojúmọ́, á wọkọ̀ wá sílé láti bá ìyá rẹ̀ ya aṣọ. Láti kékeré ló ti mọ Ọláògún, Bùọ̀dá ló ń pè é. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó fi ìdánwò rẹ̀ lé e lọ́wọ́.

"Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó," ló wí. "Bí kò bá dáa, ẹ má jẹ́ kí wọ́n rí i o. Ojú á tì mí."

Ó lọ. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sórí páànù. Ọláògún wo ìwé náà. Àmì tó wà lórí rẹ̀ kéré, ó mọ́, ó dúró gbọnyin bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ. Ní igun ìsàlẹ̀, ìka kan tó láró ti fọwọ́ kàn án, ó fi àpá aláwọ̀ aró kékeré sílẹ̀.

Ó kọ́kọ́ sọ fún ara rẹ̀ pé òun kàn fẹ́ fi wé tòun ni. Ó yọ ìwé mìíràn tí kò ní àmì. Ó ní òun máa wo ìlà kan péré. Ìlà kan di méjì. Nígbà tí òjò fi máa dá, ó ti da gbogbo rẹ̀ kọ, àmì kan tẹ̀lé èkejì. Ojú rẹ̀ ń tẹ̀lé àmì, kò tẹ̀lé ọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń ka ẹ̀wà tí kò ní jẹ níbẹ̀.

Ìṣòro kan wá yọjú. Ìwé méjì tí ó bá ara mu délẹ̀délẹ̀ á mú kí àwọn èèyàn béèrè ọ̀rọ̀. Ó ronú. Ó rántí pé Asiata fúnra rẹ̀ ló ní kí òun má jẹ́ kí wọ́n rí i. Òótọ́ ni pé ó sọ pé "bí kò bá dáa," ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ ṣe nǹkan kì í gbọ́ gbogbo gbólóhùn. Ó ti ìwé ọmọbìnrin náà sí ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀, ó kó Ìpìlẹ̀ àtijọ́ lé e lórí. Ó kọ nọ́ńbà kẹta sórí tirẹ̀.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó, Bàbá Herbert ò sí níbẹ̀, wọ́n ti gbé e lọ wo ojú. Títílọlá ka ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní nọ́ńbà kìíní àti ìkejì gbìyànjú, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì jìn sí kòtò tí Bàbá gbẹ́ sílẹ̀. Ó ní nọ́ńbà kẹta nìkan ló fò ó, ẹni náà sì gbọ́ èdè dé ibi tó dé. Ọláògún ni akọ̀wé ìpàdé, nítorí náà òun ló ń kọ ìyìn ara rẹ̀ sílẹ̀, ó sì kọ ọ́ láìfo ọ̀rọ̀ kan.

Wọ́n wo orúkọ tó wà ní nọ́ńbà kẹta. Inú wọn dùn gan-an. Àlàájì Mọ́ṣúdù gbá a lẹ́yìn, ó ní à ń wá ẹni tó wà nílé kiri ìgboro. Wọ́n ní ní Ọjọ́bọ̀, kó wá ka ojú ìwé náà sí Bàbá Herbert létí, nítorí Bàbá ò rí i kà mọ́, kó tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó wu Ọláògún kó béèrè ibi tí kòtò náà wà. Ṣùgbọ́n báwo ni ẹni tó ti fo kòtò ṣe máa béèrè ibi tó wà?

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Asiata yà lọ́dọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń ti Ìtòrí bọ̀. Ó béèrè bóyá ìgbìmọ̀ ti jókòó. Ọláògún ní wọn ò tíì jókòó. Ọmọbìnrin náà dúpẹ́, ó ní Ọlọ́run á ràn wọ́n lọ́wọ́, ó tún kúnlẹ̀. Ọláògún sọ fún mi pé kíkúnlẹ̀ yẹn dun òun ju gbogbo ohun tó tẹ̀lé e lọ.

Ọjọ́bọ̀ pé. Bàbá Herbert jókòó síwájú fèrèsé, ó di ojú, ó fi etí sílẹ̀. Títílọlá jókòó lápá ọ̀tún, Àlàájì lápá òsì. Ọláògún wọ agbádá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ohùn rẹ̀ já gaara, nítorí kíkà kò ni í lára. Ẹnu rẹ̀ mọ ohùn, ọwọ́ rẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n. Kò tilẹ̀ wo àmì, ó kàn ń ka ọ̀rọ̀ bó ṣe yé e. Ó ka ti ewé ẹlú, ó ka ti ìkòkò aró, ó ka ti aṣọ funfun. Ó wá dé ìlà kan.

"Nínú ẹ̀kọ́ ni ọgbọ́n aládìrẹ wà," ló kà.

Bàbá Herbert gbé ọwọ́ sókè. "Tún ibẹ̀ yẹn kà."

Ó tún un kà, ó tún gbé ohùn sókè sí i.

"Ẹ̀kọ́ bíi ti ilé ìwé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá." Ọláògún rò pé wọ́n fẹ́ kí òun ṣàlàyé ni. Ó ní kò sí iṣẹ́ ọwọ́ tí kò nílò ẹ̀kọ́. Ó mẹ́nu kan àwọn òyìnbó oníwàásù, ó mẹ́nu kan ìwé kíkà àwọn obìnrin, ó sọ títí ó fi dé orí ìtẹ̀síwájú orílẹ̀-èdè. Àlàájì Mọ́ṣúdù ń wúkọ́. Kì í ṣe ikọ́, ẹ̀rín ló ń gbé mì.

Títílọlá na ọrùn wo ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Bùọ̀dá," ló rọra wí, "kò sí àmì lórí ọ kejì níbí yìí. Ẹ̀kọ lẹ kọ. Ẹ̀kọ mímu."

Ọláògún wo ìwé náà. Lóòótọ́, ẹ̀kọ ló wà níbẹ̀.

"Ojú mi ló bàjẹ́," ni Bàbá Herbert wí, "nǹkan kan ò ṣe etí mi. Ọwọ́ ta ló kọ ẹ̀kọ síbẹ̀, tí ẹnu rẹ fi ń ka ẹ̀kọ́?"

Àlàájì ló gbà á sọ. Ó ní nínú agboolé tí wọ́n ti bí òun, àwọn obìnrin máa ń ro ẹ̀kọ láfún, wọ́n á fi ìyẹ́ adìẹ ya á sára aṣọ, kí aró má baà wọ ibẹ̀. Bó bá ki jù, á sán. Bó bá ṣàn jù, aró á gbabẹ̀ wọlé. Ó ní ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé inú ẹ̀kọ ni ọgbọ́n wà, ọmọwé ò sì lè mọ̀ ọ́n, àfi ọmọ aládìrẹ.

Ó wá wo Ọláògún. Ó ní, "Bùsírátù sọ fún mi pé Asiata òun náà kọ̀wé. Níbo ni tiẹ̀ wà?"

Irọ́ ti wà ní sẹpẹ́ lẹ́nu Ọláògún. Ó fẹ́ sọ pé ìwé náà kò dé. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ṣáájú ẹnu rẹ̀ lọ síbi dúrọ́ọ̀, àwọn yòókù sì bá a wo ibẹ̀. Ó dìde, ó kó Ìpìlẹ̀ àtijọ́ kúrò, ó gbé ìwé náà sórí tábìlì. Títílọlá rí àpá ìka aláró ní igun rẹ̀.

"Ó ní bí kò bá dáa, kí n má jẹ́ kí ẹ rí i," ni Ọláògún wí. Ohùn rẹ̀ kéré.

"Ṣé kò dáa ni?"

"Ó dáa ju tèmi lọ."

"Èwo ni tiyín níbẹ̀?" ni Títílọlá béèrè.

Bàbá Herbert ò bínú, ìyẹn ló sì burú. "Ọláògún, ọdún mẹ́tàlá," ló wí. "Ká ní o béèrè ni, mi ò bá ti kọ́ ọ láàárín oṣù kan." Ó ní Asiata ni olóòtú. Ó ní kí Ọláògún lọ sọ fún un fúnra rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, kó sì sọ bó ṣe ṣe é pẹ̀lú. Bóyá ó máa padà sí ọ́fíìsì náà, ọwọ́ olóòtú tuntun nìyẹn wà.

Ó forí lé ilé ná, kó lè bọ́ agbádá. Mọ́níkẹ́ ló pàdé lẹ́nu ọ̀nà, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó di ojú rẹ̀, ó fà á lọ síwájú ògiri, ó ṣí i lójú.

Pátákó tuntun ló wà níbẹ̀, ọ̀dà rẹ̀ ò tíì gbẹ. Mọ́níkẹ́ ti fẹnu sọ fún Ṣéhù tó ń kọ pátákó pé kó kọ orúkọ ọkọ òun, kó sì kọ olóòtú sí i. Ṣéhù ò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí láyé rẹ̀. Olóòótọ́ tó mọ̀ ló kọ. Lẹ́tà gàdàgbà pupa ló fi kọ ọ́: OLAOGUN, OLOOTO.

Mọ́níkẹ́ ní kó má dà á láàmú, Ṣéhù máa padà wá tún lẹ́tà tó gbẹ̀yìn ṣe. Ọláògún jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó bú sẹ́kún. Ó wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí dò-rè-mí títí dé orí dúrọ́ọ̀.

Mọ́níkẹ́ gbọ́ ọ tán. Kò pariwo. Ó ní, "Dìde. Mo máa bá ọ lọ. Má bọ́ agbádá yẹn, jẹ́ kí wọ́n rí ohun tó o wọ̀ láti fi gba ohun olóhun."

Àgbàlá Àlàájà Bùsírátù kún fún aṣọ tí wọ́n sá. Asiata ti dé láti ibi iṣẹ́, ó dúró ti ìyá rẹ̀ nídìí iná. Ọláògún dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú agbádá. Ó sọ ohun tó ṣe, kò fi kan pa mọ́. Ó sọ ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun pàápàá, pé irọ́ ni òun pa fún un nígbà tó kúnlẹ̀.

Omi gbé Asiata lójú. Ó ní ohun tó dun òun ni pé àtọjọ́ Sátidé yẹn ni òun ti ń rò ó pé bóyá iṣẹ́ òun ò dáa tó, tí Bùọ̀dá ò fi sọ nǹkan kan. Ó ní òun ti fẹ́ máa gbà pé òun ò mọ̀ ọ́n.

Àlàájà Bùsírátù ló wá dìde lórí àpótí, ó fa ọmọrogùn yọ nínú ìkòkò, ó nà án sí Ọláògún. Ó ní kó wá bá òun rò ó, apá ń ro òun.

Ó rò ó. Èéfín wọ̀ ọ́ lójú, apá agbádá ń bọ́ sínú eérú, èjìká rẹ̀ ń ro ó. Bó bá fẹ́ sinmi, Àlàájà á ní ó ti ń ta kókó. Mọ́níkẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ká apá mọ́ àyà, kò gbà á sílẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, Asiata nu ojú rẹ̀, ó wá wo inú ìkòkò.

"Ẹ̀kọ rèé, Bùọ̀dá," ló wí. "Ẹ̀kọ́ máa bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ẹ tètè dé."

Bí ó ṣe padà sí ọ́fíìsì nìyẹn. Lójoojúmọ́, ó máa ń ka ìwé sókè, Asiata á máa fi àmì sí i. Nígbà tó yá, Asiata á kà, òun á máa fi í sí i, ọmọbìnrin náà á sì fi bíírò pupa yí èyí tí kò bá tọ̀nà ká. Ojú ìwé náà kì í yàtọ̀ sí ojú ẹni tó kún fún irorẹ́. Àwọn àna padà sí kíkí rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, ó sì rí i pé òun kò kú.

Ó ku pátákó. Ó bẹ Mọ́níkẹ́ títí pé kí wọ́n yọ ọ́. Mọ́níkẹ́ ní, "Ṣéhù ní lẹ́tà kan péré ni òun máa tún ṣe. Mo wá rò ó pé èwo ló rọrùn jù, ká tún pátákó ṣe ni, àbí ká tún ìwọ ṣe?" Pátákó ò kúrò níbẹ̀.

Ọdún kejì ló tó gun àpótí pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì kékeré, tó fi gbogbo àmì sí i fúnra rẹ̀, tó ń kọ dò-rè-mí lábẹ́ ètè. Ó wá ránṣẹ́ pe Asiata kó wá wò ó. Olóòtú dé, ó dúró sí ìta, ó wo pátákó náà títí.

"Àwọn àmì náà pé," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ ka O tó wà láàárín, Bùọ̀dá. Méjì ni Ṣéhù kọ, mẹ́ta ló yẹ kó jẹ́. Òótọ́ tó wà níbẹ̀ ò tíì pé."

Ọláògún kà á. Ó tún gun àpótí, ó há O kan sáàárín, ó fi àmì òkè lé e lórí. O náà kéré, ó sì wọ́ díẹ̀. Ó ní kí n sọ fún yín pé tẹ́ ẹ bá gba ọ̀nà Ìgbẹ̀ìn kọjá, ẹ máa rí i, òun ló fọwọ́ ara òun kọ ọ́.